Ẹ bá wa ka wákàtí, ẹ má ka kìlógíráàmù nìkan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàkàkà. A dúpẹ́ pé ẹ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìròyìn nípa methamphetamine tán, ohun tó sábà máa ń kù sí wa lọ́kàn ni iye kìlógíráàmù tí wọ́n gbà, iye náírà tí wọ́n ní ó tó, àti àwòrán ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, tí ọmọ náà ń fi àga dí ilẹ̀kùn nítorí ó ní àwọn kan ń bọ̀ wá pa òun, kò rí ohun kan dì mú nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ àti apòògùn ni wá, ohun tó jẹ́ ká kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: oògùn yìí ní wákàtí tirẹ̀. Ẹbí tí kò bá mọ wákàtí náà á máa bẹ̀rù nígbà tí kò yẹ, á sì máa fọkàn balẹ̀ nígbà tí ewu wọlé gan-an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Áìsì tàbí mẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Láti ọdún 2021 ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Ìgbò, mkpuru mmiri, ti gba ìgboro kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni hóró omi. Bó ṣe rí ló bí orúkọ náà: ó mọ́ gaara, ó ń dán bí yìnyín tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń kó gbogbo oògùn olóró pọ̀ sójú kan, wọ́n á ní "igbó ló ń fà". Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú. Kodéènì àti irú rẹ̀ a máa fa èémí sílẹ̀. Ẹni tó bá mu ún lámujù á sùn títí èémí rẹ̀ fi dúró. Methamphetamine kì í mú ni sùn. Ó ń ta ara jí, ó ń lé ọkàn sáré, ó ń gbé ooru ara sókè, ó ń lé oorun àti ebi jìnnà. Nítorí náà, naloxone tí wọ́n fi ń gba ẹni tí kodéènì tàbí heroin ń pa lọ sílẹ̀ kò ran ọ̀rọ̀ áìsì rárá, àfi bí ẹni náà bá lo méjèèjì pọ̀.

Àwọn kan láàárín wa ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ ìhà Ìlà-Oòrùn ni èyí. Èkó ni NDLEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti kọ́kọ́ bá ilé tí wọ́n ti ń sè é ní Nàìjíríà, ní ọdún 2011. Ní 2016 wọ́n bá òmíràn tó tóbi ní Asaba, àwọn ará Mexico sì wà lára àwọn tí wọ́n mú níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin oṣù Keje ọdún 2022, Èkó náà ni wọ́n tún padà sí, ní Victoria Garden City, láàárín ilé àwọn olówó, wọ́n sì kó èyí tó lé ní 250 kìlógíráàmù níbẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe lórí lílo oògùn ní Nàìjíríà, èyí tó jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé ìhà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, ilé wa níbí, ló ṣíwájú: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 14.4. Gbogbo oògùn ni iye yẹn kó pọ̀, igbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ oníbàárà ti là lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan wọ̀nyí; ẹni tó bá gbé áìsì dé kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lànà.

Nagai Nagayoshi, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Japan, ló kọ́kọ́ ṣe oògùn yìí ní ọdún 1893. Akira Ogata, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, sì sọ ọ́ di èyí tó ń dán bí yìnyín ní 1919. Ní 1938, ilé iṣẹ́ Temmler ní Jámánì gbé e jáde ní hóró, wọ́n pè é ní Pervitin, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì ń gbé e mì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kí wọ́n lè máa rìn tòru-tọ̀sán. Japan náà ní tiwọn, Philopon. Lẹ́yìn ogun, ó di bárakú fún àwọn ará ìlú débi pé ìjọba ní láti ṣòfin lé e lórí ní 1951. Ohun tí awakọ̀ òru, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò àti ọmọ tó ń fi òru jókòó ti kọ̀ǹpútà ń wá nínú rẹ̀ lónìí kò yàtọ̀ sí ohun tí sójà wá nígbà náà: kí ilẹ̀ ṣú, kí ojú wọn má ṣú. Gbèsè sì ni oorun. Ẹni tí kò san án lónìí, ara rẹ̀ ni wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé.

Bí gbèsè náà ṣe ń di púpọ̀ nìyí. Ọpọlọ ní èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine, tó máa ń tú jáde ní ìwọ̀nba nígbà tí a bá jẹ oúnjẹ tó dùn mọ́ wa, tí a bá rí ẹni tí a fẹ́ràn, tàbí tí iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé bá yọrí. Bó bá ti jíṣẹ́ tán, ọpọlọ á kó o padà sínú àpò nítorí ọ̀la. Cocaine a máa dí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń kó o padà. Methamphetamine a máa wọ inú àpò lọ, á da ohun tó wà níbẹ̀ síta, á tún yí ilẹ̀kùn náà sódì kí ohun tó yẹ kó máa wọlé máa jáde. Ìdùnnú tí ẹni náà ń rí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ti ọ̀la àti ti ọ̀túnla rẹ̀ ni wọ́n kó fún un. Owó sọ́gùndogójì ni. Bó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, àpò ti ń gbẹ, ìwọ̀n tó tó o lákọ̀ọ́kọ́ kò tó o mọ́, oúnjẹ ìyá rẹ̀ kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ka wákàtí. Bí wọ́n bá fà á bí èéfín tàbí tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló fi ń dé ọpọlọ. Bí wọ́n bá gbé e mì, ó tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Agbára rẹ̀ lè wà lára fún wákàtí 8 sí 12, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì cocaine a máa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ìdajì methamphetamine ń lo wákàtí 10 sí 12 kó tó kúrò. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹni tó lò ó ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ṣì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Adùn rẹ̀ a máa lọ kí oògùn fúnra rẹ̀ tó lọ. Ẹni náà á rò pé ó ti tán lára òun, á fi òmíràn lé e. Èkejì á bá èkíní nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kẹta á bá méjèèjì. Ọkàn tó ń lù kìkì kò mọ̀ pé adùn ti tán. Iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló mọ̀.

Kò sí ohun mímu tó ń fọ̀ ọ́ kúrò, ìbáà ṣe mílíìkì, omi àgbọn tàbí omi iyọ̀. Òroǹbó wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, ó sì yẹ ká ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni pé bí ìtọ̀ bá kan, oògùn yìí a máa tètè bá a jáde. Àwọn dókítà gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan, wọ́n sì pa á tì. Ìdí ni pé nígbà tí ara bá gbóná jù, tí iṣan ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, iṣan a máa fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tó kan sì ń jẹ́ kí èérún iṣan yẹn dì mọ́ inú kíndìnrín. Bí ìtọ̀ ẹni tó lo áìsì bá ti dúdú bíi kóòkì, ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn tó lè fa omi sí i lára ló yẹ kó wà ní wákàtí yẹn.

Nínú wákàtí méjìlá àkọ́kọ́, ooru ni ká kọ́kọ́ bẹ̀rù. Oògùn náà ń mú kí iṣan máa ṣiṣẹ́, iṣẹ́ iṣan sì ń mú ooru wá. Lẹ́sẹ̀ kan náà ó ń fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ pọ̀, ooru kò sì rí ibi gbà jáde. Ẹ wá fi èyí sínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí èéfín, tí iná kò sí, tí fáànù kò yí, ní oṣù Kẹta. Ara lè gbóná kọjá ìwọ̀n 40. Pàrásítámọ́ kò lè wọ̀ ọ́ sílẹ̀: ibà ni pàrásítámọ́ mọ̀, èyí kì í sì í ṣe ibà. Ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀ kúrò, ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn wà, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi sí ọrùn, abẹ́ apá méjèèjì àti abẹ́ itan, ẹ máa fẹ́ ẹ láìdáwọ́dúró, ẹ sì máa pààrọ̀ aṣọ náà bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ojú rẹ̀ bá dá, tó lè gbé omi mì fúnra rẹ̀, ẹ máa fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ ti ń ṣe é lọ́wọ́. Ẹ má dúró de ìgbà tí yóò tutù.

Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ má rọ mílíìkì, ẹyin tútù tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé a máa fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, nígbà mìíràn epo yẹn gan-an ló ń pa á lẹ́yìn tí oògùn kò pa á. Bí gìrì bá gbé e, ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ súnná. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tìmùtìmù sí abẹ́ orí rẹ̀, bó bá sì ti rọlẹ̀ ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ wo aago. Gìrì tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún gbé e kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyà dídùn, orí fífọ́ tó dé lójijì bí ẹni pé wọ́n la àáké mọ́ ọn, ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí apá kan tó kọ̀ láti gbé sókè. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe àìsàn àgbàlagbà nìkan: oògùn yìí lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ ọdún 25 lọ sókè débi pé òpó ẹ̀jẹ̀ á bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń ṣe ní wákàtí yìí, èyí tó ń bà wá nínú jẹ́ gidigidi nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á fún un ní tramadol tàbí ọtí líle "kó lè wálẹ̀". Tramadol fúnra rẹ̀ a máa fa gìrì, áìsì náà a máa fà á. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá sì pàdé, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ serotonin lè pọ̀ jù nínú ọpọlọ, ara á máa gbọ̀n, iṣan á le gbagidi, ooru á tún fò sókè. Ní ti ọtí, ó kàn ń jẹ́ kí ẹni náà má mọ bí ọkàn òun ti ń sáré tó ni.

Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta láìsùn, ọ̀rọ̀ á kúrò ní ti ara, á di ti ọpọlọ. Ibí yìí ni àwa Yorùbá ti ń ṣe àṣìṣe jù lọ. Ọmọ á máa wo fèrèsé, á ní mọ́tò kan ń tẹ̀ lé òun. Á ní àwọn ará ilé ti fi nǹkan sí oúnjẹ òun. Á máa gbọ́ ohùn. Á máa họra títí yóò fi bó nítorí ó ní kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ òun. Ẹbí á ní àwọn ayé ti dé, àbúrò bàbá tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ á di ẹni ìfura, wọ́n á gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà tàbí ilé oníṣègùn, wọ́n á dè é mọ́ òpó, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀. Ara tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun, láìmu omi tó, ni wọ́n tún ń febi pa. Bí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ tí oògùn náà tán lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, òpó àti ààwẹ̀ ni wọ́n á fi ọpẹ́ fún. Àárẹ̀ ọpọlọ tí áìsì ń fà sábà máa ń lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bí oògùn bá dáwọ́ dúró, bí oorun bá sì padà. Ilé ìwòsàn ní oògùn tó ń mú un rọlẹ̀ kíákíá, tó sì ń fún un ní oorun láìséwu. Èyí tó bá kọjá oṣù kan láìlọ, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àìsàn ọpọlọ mìíràn tó ṣeé ṣe kó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá bá a nírú ipò yẹn nínú ilé, kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó fẹ́ràn jù. Kí àwọn ìyókù jáde. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ pa rédíò. Ẹ rọra kó ọ̀bẹ, ọmọ odó àti ìgò kúrò nílẹ̀. Ẹ má dúró sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹni tó ń bẹ̀rù tí kò rí ọ̀nà jáde a máa jà. Ẹ má sì gba ẹ̀yìn yọ sí i. Ẹ má bá a jiyàn pé kò sí ohùn, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. "Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo wà níbí, jẹ́ ká mu omi" ti tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ má tìtorí àìsàn sọ "ẹ" di "o" fún un. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ṣì mọ ìgbà tí wọ́n bá rí òun fín. Bí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn ju pé kí wọ́n dì í mú kó má bàa ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí ẹ jókòó lé e lẹ́yìn láéláé. Ara tó ń sáré báyìí nílò èémí lọ́pọ̀lọpọ̀ láti fi tú oró tí iṣan rẹ̀ ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ dà nù. Bí àyà bá há mọ́lẹ̀ ní àkókò ìjàkadì, ọkàn lè dúró lójijì. Ní òpin ọdún 2021, àwọn abúlé kan ní ilẹ̀ Ìgbò so àwọn ọ̀dọ́ tó ń lò ó mọ́ òpó, wọ́n nà wọ́n ní pàṣán níwájú gbogbo ènìyàn, fídíò rẹ̀ sì kárí ayé. A gbọ́ àwọn tó ń sọ pé kí a ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Pàṣán kì í dé inú àpò dopamine. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ga tẹ́lẹ̀ sókè sí i, ó sì ń kọ́ ẹni tó kàn láti máa fara pa mọ́.

Ẹ sọ òótọ́ nílé ìwòsàn. Kí ni ó lò, ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn, kí ni ó pò mọ́ ọn, oògùn wo ló ń lò tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè mẹ́rin yìí la fẹ́ kí ẹ ní ìdáhùn sí kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn oògùn kan wà tí dókítà máa ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí fún ìfòyà tó lè ṣe ìpalára bí kò bá mọ̀ pé áìsì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni oorun á dé. Ọmọ á sùn ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Á jí, á jẹun bí ẹni tó ti oko ìyàn dé, á tún sùn. Ìdílé á dúpẹ́, wọ́n á ní "ó ti yá". Ẹ̀yin èèyàn wa, wákàtí tí ọ̀pọ̀ ń sinmi yìí gan-an la fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ máa wò ó lójú oorun, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ rí i pé ó ń mí dáadáa. Bí ẹ bá pè é, tí ẹ gbọ̀n ọ́n, tí kò dáhùn, ó lè jẹ́ pé ó ti lo oògùn amúnisùn mìíràn mọ́ ọn, ẹ gbé e dìde ẹ máa lọ. Bó bá jí tán, àpò ọpọlọ tó ti gbẹ kò tíì ní nǹkan kan nínú. Nǹkan kan kò ní dùn mọ́ ọn. Ìbànújẹ́ yìí a máa le jù láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ọjọ́ kẹwàá, inú rẹ̀ ni èrò àti pa ara ẹni ti ń wá. Ẹ ti oògùn apakòkòrò mọ́ inú àpótí, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan ní òru, ẹ sì bi í léèrè ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti kú. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn.

A kò ní pẹ́ lórí ohun tó ń ṣe fún ara lọ́jọ́ pípẹ́, nítorí àwọn ìwé ìròyìn ti fi àwòrán eyín jíjẹrà hàn tó. Ẹnu gbígbẹ, eyín jíjẹ lóru àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ń rẹ òùngbẹ ló ń bà á jẹ́, àìfọ eyín sì ń parí rẹ̀. Èyí tí ojú kò rí ló le jù. Ọkàn a máa wú, agbára rẹ̀ láti tú ẹ̀jẹ̀ jáde á dín kù, ẹsẹ̀ á máa wú, kò ní lè sùn gbalaja. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tún lágbára sí i bó bá tètè fi oògùn náà sílẹ̀, nítorí náà kí ó má rò pé ẹ̀pa kò bóró mọ́. Aláboyún tó ń lò ó lè bímọ láìtọ́jọ́, ọmọ lè kéré jù, ibi ọmọ sì lè já kúrò lára ilé ọmọ kí àsìkò tó tó. Oògùn náà ń gba inú ọmú jáde pẹ̀lú.

Ìtọ́jú bárakú rẹ̀ ńkọ́? Kò tíì sí oògùn kan tí wọ́n fọwọ́ sí fún un bí wọ́n ti ní methadone fún heroin. Ẹni tó bá ń ta ìgò kan fún yín pé ó ń já bárakú áìsì ní ọjọ́ méje, owó yín ló fẹ́ gbà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2021, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ènìyàn 403, fi abẹ́rẹ́ naltrexone ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta àti bupropion ojoojúmọ́ wò wọ́n: ìdá 13.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló jàǹfààní, ìdá 2.5 láàárín àwọn tí wọn kò fún ní oògùn gidi. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ju òfo lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù títí di òní ni ìgbaninímọ̀ràn tó ń lọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn fún ìtọ̀ tó mọ́, ìyẹn ìtọ̀ tí àyẹ̀wò kò rí áìsì nínú rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ẹ̀bùn yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wò, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìtọ̀ a máa fi áìsì hàn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò fi tó. Ọ̀pá àyẹ̀wò tí wọ́n kọ MET (methamphetamine) sí lára ni ẹ ó béèrè lọ́wọ́ apòògùn; AMP (amphetamine) nìkan kò tó. Ẹ mọ̀ pé oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine nínú lè tan ọ̀pá náà jẹ, nítorí náà ẹ béèrè ohun tó lò kí ẹ tó bínú. Bí ìtọ̀ bá mọ́, ẹ̀bùn á dé lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ní òpin oṣù: káàdì ìpè, oúnjẹ tó fẹ́ràn, owó ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ san tààrà fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ má fi owó sí i lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kékeré, ẹ máa fi díẹ̀ kún un ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá mọ́. Bó bá yẹ̀, ẹ padà sí kékeré ti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí èébú. Ọpọlọ tí wọ́n ti kọ́ láti máa retí èrè kíákíá la ń fi èrè kíákíá kọ́ padà. Àwòrán ọpọlọ tí wọ́n yà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lára àwọn tó fi í sílẹ̀ fún oṣù 12 sí 17, àwọn ilẹ̀kùn dopamine yẹn tún pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrántí àti ìyára wọn kò yára padà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́ta láìfọwọ́ kàn án, tó ṣì ń gbàgbé nǹkan, tí kò tíì lè pọkàn pọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé ni.

Ilẹ̀ wa mọ irú sùúrù yìí. Ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, l'Abẹ́òkúta: àwọn alárùn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin wèrè ti 1958, ó sì fún alárùn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó níyì. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti òpó kò sí nínú ohun tí Lambo ṣe. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Aro, ó sì wà ní ti Yàbá. Ẹ kò nílò ìwé ọlọ́pàá kan kí ẹ tó lọ.

Ohun tí a ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò pọ̀. Kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìwọn ooru ara, ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, abẹ́rẹ́ diazepam tó ń dá gìrì dúró, omi ìfàsára, àti nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ mú ẹni tí ìfòyà ń dà láàmú rọlẹ̀.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ìlà mẹ́ta péré la ń tọrọ lábẹ́ gbogbo ìròyìn methamphetamine tí ẹ bá gbé jáde. Àkọ́kọ́: bí ara bá gbóná, bí gìrì bá gbé e, tàbí bí àyà bá ń dùn ún, ẹ pe 112, ní Èkó ẹ lè pe 767. Èkejì: ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ràn lórí bárakú lè pe NDLEA lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 0800 1020 3040. Ẹ̀kẹta: bó bá ti sùn tán, ẹ má lọ, ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ ṣọ́.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ àti apòògùn kan,
Abẹ́òkúta